Rọ́bọ́ọ̀tì púpọ̀ kọ́ ló ń jẹ́ kí ilé iṣẹ́ lè tètè yí ọjà padà

"Ẹ kàn yí ètò inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun mìíràn." Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà nípa rọ́bọ́ọ̀tì ilé iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa rọrùn tó láti ti orí ọjà kan bọ́ sórí òmíràn. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Apá rẹ̀ ló ń tan wọ́n jẹ. Oríkèé mẹ́fà ló sábà máa ń ní, ó ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn. Àmọ́ ọwọ́ ló ń mú nǹkan, kì í ṣe apá. Ọwọ́ tó ń fa afẹ́fẹ́ láti fi gbé irin pẹlẹbẹ ò lè di ọ̀pá róbótó mú. Ká tiẹ̀ ti pààrọ̀ ọwọ́, ohun tó ń di irin mọ́lẹ̀ ńkọ́? Ọ̀nà tí irin ń gbà dé iwájú rẹ̀ ńkọ́? Bí kò bá ní kámẹ́rà tó ń ṣe ojú fún un, tí irin sì yẹ̀ díẹ̀, òfìfo ló máa nawọ́ sí. (Ọmọ ọdún mẹ́ta ò ní ṣe àṣìṣe yẹn.) Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà á tó kọ ètò tuntun, á rọra dán an wò kí apá má baà lọ gbá ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1961, nígbà tí General Motors, ilé iṣẹ́ ọkọ̀, fi rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Unimate síṣẹ́ ní New Jersey, Amẹ́ríkà, irin gbígbóná tó ń ti inú ẹ̀rọ bọ̀ ló ń gbé, iṣẹ́ kan náà ní àṣetúnṣe. Ọ̀nà mìíràn ni ẹnjiníà kan, Theo Williamson, gbà ní ilé iṣẹ́ Molins, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn ọdún 1960. Nínú ètò System 24 tó gbé kalẹ̀, òṣìṣẹ́ á de irin mọ́ àwo (pẹpẹ kékeré tó ń gbé irin wọnú ẹ̀rọ) lọ́sàn-án, àwọn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí á sì máa gbẹ́ ẹ lóru nígbà tí kálukú ti sùn. Àwo ni kẹ́ ẹ wò. Bí ìsàlẹ̀ àwo bá ti bára mu, ohun yòówù kó wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ á gbà á wọlé.

Lọ́dún 2018, Elon Musk fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síta pé àṣejù ẹ̀rọ ní Tesla, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, jẹ́ àṣìṣe, àṣìṣe òun sì ni. Ní 2016, Mercedes-Benz ti mú àwọn rọ́bọ́ọ̀tì kan kúrò nídìí ṣíṣe ọkọ̀ S-Class ní Sindelfingen, Jámánì, wọ́n fi èèyàn dípò wọn: ohun tí oníbàárà lè yàn sínú ọkọ̀ kan ti pọ̀ ju ohun tí wọ́n lè máa tún rọ́bọ́ọ̀tì tò fún lọ.