Píríọ́dù P.E. tí a gbà fún Ìṣirò kì í di máàkì

Bí WAEC bá ti ń kanlẹ̀kùn, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama máa ń yọ kúrò nínú táìmùtébù àwọn SS3 ni eré ìdárayá, ìyẹn P.E. Olùkọ́ Ìṣirò á gba píríọ́dù kan, ti Gẹ̀ẹ́sì á gba èkejì, òbí kan ò sì ní ráhùn. Kódà àwọn òbí mìíràn ló ń bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ó ti kan JSS3 náà nítorí Junior WAEC. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan sì wà báyìí tí wọn ò dúró de ìdánwò kankan mọ́: P.E. wà lórí ìwé, kò sí nínú ọ̀sẹ̀.

Ìdí ni pé a gbà pé eré lásán ni, àti pé ẹni tó ń ṣeré ò lè kàwé. "Ṣé bọ́ọ̀lù lo máa jẹ lọ́jọ́ ọ̀la?" Ọmọkùnrin mélòó ni wọn ò tíì bi ní ìbéèrè yìí rí nílẹ̀ Yorùbá? A ka àkókò ọmọ sí owó inú àpò: èyí tí kò bá ná sórí pápá, orí ìwé ni yóò ná an sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì jọ òótọ́. Àwọn tó dán an wò ni kò bá a bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan tó lókìkí nínú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wáyé ní Trois-Rivières, ní Québec, lórílẹ̀-èdè Kánádà, láàárín ọdún 1970 sí 1977. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 546 ló wà nínú rẹ̀. Olùwádìí kan, Roy Shephard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi wákàtí kan eré ìdárayá kún ọjọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ náà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ P.E. ló sì ń darí wọn. Inú àkókò ìwé ni wọ́n ti yọ ọ́, ó tó ìdá 13 sí 14 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ọ̀rọ̀ owó inú àpò yẹn bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí máàkì àwọn ọmọ wọ̀nyí wálẹ̀. Kò wálẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn gan-an ni máàkì wọn ga díẹ̀ ju ti àwọn tó jókòó ti ìwé lọ.

Ní 2010, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dènà àrùn, kó ìwádìí 50 jọ, wọ́n wo ibi tó lé ní 250 tí wọ́n ti fi eré ìdárayá wé bí ọmọ ṣe ń ṣe nílé-ẹ̀kọ́. Ó lé díẹ̀ ní ìdajì tó fi hàn pé eré náà ran ọmọ lọ́wọ́. Nínú ìyókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni kò rí ìyàtọ̀ kankan. Èyí tó sọ pé eré pa ìwé lára kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

N kò sọ pé sísáré yí pápá ká yóò sọ F9 di A1. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí kò rí ìyàtọ̀ yẹn dáadáa, nítorí wọ́n wúlò fún wa ju àwọn tó rí èrè lọ. Àwọn tó gba àkókò lọ́wọ́ ìwé nínú wọn, ìwé ò pàdánù ohunkóhun. Kí wá ni olórí ilé-ẹ̀kọ́ rò pé òun ń jèrè nígbà tó bá yí i padà, tó gba àkókò lọ́wọ́ eré?

Àwọn tó fẹ́ràn eré náà máa ń ṣàsọdùn, ó sì yẹ kí a bá wọn wí. Wọ́n á ní kí ẹ lọ wo Naperville, ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi tí àwọn ọmọ ti ń so ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ àyà sáré, tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹjọ wọn sì gba ipò kìíní nínú sáyẹ́ǹsì àti ipò kẹfà nínú Ìṣirò nígbà ìdánwò àgbáyé TIMSS ti 1999. Òótọ́ ni wọ́n gbà á. Àmọ́ àdúgbò olówó ni Naperville, ọmọ àwọn tó kàwé ló kún ibẹ̀. A ò lè kó gbogbo ògo yẹn fún eré sísá.

Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn jù kéré púpọ̀ sí ìyẹn. Ní 2009, Charles Hillman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois mú ọmọ ogún tó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní kí wọ́n rìn lórí ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú 20. Ìrìn tó yá díẹ̀ ni, kì í ṣe eré àsápajúdé. Lọ́jọ́ mìíràn, àwọn ọmọ kan náà kàn jókòó jẹ́ẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n rìn ni ìbéèrè tó gba ìfọkànsí rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù, ọjọ́ náà ni òye ìwé tí wọ́n kà sì yé wọn jù. Ọmọ ogún ò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ́ SS3 ní aago méjì ọ̀sán rí, lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lórí àga láti aago mẹ́jọ, tí lẹ́sìn ṣì ń dúró dè wọ́n, kò nílò ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ pé ara nìkan ló kù ní kíláàsì.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé kún un. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó gbá góòlù méjì wọlé Algeria nígbà tí Nàìjíríà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1980, Pólì Ìbàdàn ló ti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Bọ́ọ̀lù ò gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ n kò fẹ́ gbára lé olókìkí, nítorí kì í ṣe torí wọn ni P.E. ṣe wà. Wọn ì bá rí pápá fúnra wọn láìsí i.

Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ yìí ò ṣàdédé hù. Ẹ wo ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń bá pàdé lórúkọ P.E. Olùkọ́ á ju bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀, á wá ibi tó ní ibòji jókòó sí. Àwọn ọmọkùnrin á máa lé bọ́ọ̀lù kiri. Àwọn ọmọbìnrin á wà lábẹ́ igi dongoyárò, wọ́n á máa dirun fún ara wọn. Eré lásán ni ìyẹn lóòótọ́, òbí tó bá sì ní kí wọ́n fi kọ́ Ìṣirò ò jẹ̀bi púpọ̀. Ẹ̀kọ́ P.E. gidi ní ohun tí olùkọ́ fẹ́ kí ọmọ mọ̀ ọ́n ṣe kí aago tó lù: bí a ṣe ń fò tí a fi ń balẹ̀ láìfẹsẹ̀ rọ́, bí a ṣe ń pín èémí nígbà tí eré bá jìn, bí a ṣe ń fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ ka bí ọkàn ṣe ń lù. Gbogbo kíláàsì ló ń ṣe é, àti ẹni tó sanra, àti ẹni tí bọ́ọ̀lù máa ń sá fún.

Ohun kejì tó bà á jẹ́ ni íńtà-háósì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní P.E. látoṣù dóṣù á ní òun kì í fi eré ìdárayá ṣeré, ẹ ṣáà rí íńtà-háósì òun. A rí i. A rí Yellow House àti Blue House, a rí màáṣì-páàsì, a rí àga àwọn àlejò pàtàkì, a sì jẹ ìrẹsì. Mo fẹ́ràn ọjọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti yá tẹ́lẹ̀ ló ń sáré níbẹ̀, ìyókù ń pàtẹ́wọ́. Ọmọ tó nílò eré ìdárayá jù nínú gbogbo ọgbà náà, òun ló ń pín omi fún àwọn tó ń sáré.

Bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni ara ń béèrè. Ohun tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, là sílẹ̀ ní 2020 fún ọmọ ọdún 5 sí 17 ni ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kí ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán lọ́sẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lágbára, tó ń fún iṣan àti egungun lókun. Nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọdún 11 sí 17 káàkiri àgbáyé, ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò tó o ní 2016. Ti àwọn ọmọbìnrin jẹ́ 85. Ọ̀rọ̀ egungun yìí kò ṣeé sún síwájú. Ó tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí egungun èèyàn yóò ní láyé rẹ̀ tó ti máa wọlé kí ọmọbìnrin tó pé ọdún 18, kí ọkùnrin tó pé 20. Ìyẹn ni pé ọdún girama ni ọdún náà. A ò lè sọ pé kí ó wọ yunifásítì ná.

Ohun kan tún wà tí a kì í ka sí: ilé-ẹ̀kọ́ wa ló ń fi eré ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Ọmọ pẹ́ dé, frog jump. Ó pariwo ní kíláàsì, kí ó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọdún mẹ́fà ni a fi ń kọ́ ọ pé ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ló ń làágùn, lẹ́yìn náà a máa ń yà sí i pé ó dàgbà tán, kò fẹ́ rìn dé ìta.

Apá kejì iṣẹ́ náà, ẹ̀kọ́ ìlera, ni a kì í tilẹ̀ rántí pé ó wà. Nígbà tí kòríkúlọ́ọ̀mù ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan bẹ̀rẹ̀ ní 2014, wọ́n kó PHE, ìyẹn ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti ìlera, pọ̀ mọ́ Basic Science, Basic Technology àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà sábẹ́ orúkọ kan, ó sì rọrùn láti jẹ́ kí ọ̀kan sọnù sábẹ́ èkejì. Bí píríọ́dù náà bá sì ti lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ náà lọ nìyẹn. Àdúgbò ni ọmọ yóò ti gbọ́ ọ, àdúgbò ò sì í fi ìgbà gbogbo sọ òótọ́.

Ẹ wo ọmọ tí imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ lórí pápá. Gbogbo ẹnu ló máa ń pariwo pé kí ó gbé orí sókè, ẹnìkan á sì da omi sí i lórí. Bí ó bá gbé orí sókè, ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ, ó lè há a tàbí kí ó bì. Kí ó jókòó, kí ó tẹrí síwájú díẹ̀, kí ó fún ibi tó rọ̀ ní imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ó máa fi ẹnu mí. Bí gìrì wárápá bá gbé ọmọ kan, wọ́n á ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, àwọn mìíràn á sá nítorí wọ́n gbà pé itọ́ rẹ̀ ń ràn. Wárápá kì í ràn, ṣíbí sì lè dá eyín. Kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, má dì í mọ́lẹ̀, wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó di ilé-ìwòsàn. Ọmọ JSS2 lè kọ́ gbogbo èyí ní píríọ́dù kan.

Àtọ̀sí ajá tún burú jù, nítorí ojú máa ń ti ọmọ láti sọ ọ́. Ní àwọn abúlé tó yí dáàmù Ọ̀yán ká, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló ti tọ ẹ̀jẹ̀. Níbi tó bá ti wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn kan máa ń rò pé ọmọkùnrin náà ń bàlágà ni. Aràn kékeré ló fà á: inú ìgbín omi ló ti ń jáde sínú odò, á sì gba awọ ara wọlé nígbà tí ọmọ bá wẹ̀ tàbí tó pọnmi. Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, ó sì ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá rí ìtọ́jú, ó lè ba àpò ìtọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Ẹ̀kọ́ ìlera ni ibi tó yẹ kí ó ti gbọ́ èyí kí ó tó bọ́ sódò.

Ti àwọn ọmọbìnrin ní ìtàn tirẹ̀. Bí nǹkan oṣù bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá á ní kí ó má sáré mọ́, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó ń yẹ ìwádìí ìlera wò, kó jọ ní 2019 fi hàn pé eré ìdárayá déédéé lè dín inú rírun kù. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé fífò sókè yóò gba ìbálé ọmọ. Awọ náà lè fẹ̀ tàbí kí ó ya láìsí ọkùnrin rárá, ìdí nìyẹn tí kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun. WHO ti ní kí wọ́n pa àyẹ̀wò ìbálé tì láti 2018. Ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ wọn kúrò lórí pápá gan-an rọrùn ju ìyẹn lọ: kò sí páàdì, kò sí ibi tí wọ́n ti lè pààrọ̀ aṣọ, àwọn ọmọkùnrin sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ tẹn-tẹn tí wọ́n ń ṣe nígbà bíréèkì ń mú wọn làágùn dáadáa. Ilé-ẹ̀kọ́ alágbékà tí kò ní pápá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, pẹ̀lú okùn fífò.

Àwọn tí ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dá, ẹ má kàn fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n má ṣe P.E. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní asthma lè sáré bí ó bá fa ìnhálà rẹ̀ bí dókítà ṣe ní kó fà á, tó sì fi ìrọ̀rùn bẹ̀rẹ̀. Ti ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS (sickle cell) gba ìṣọ́ra jù: omi púpọ̀, ìsinmi léraléra, kí òòrùn tàbí òtútù má pa á, kí ẹnikẹ́ni má fi ìdíje tì í. Olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ mọ èyí. Èyí tí wọ́n kàn fà kalẹ̀ nítorí ó ga, tó sì lágbára, lè má mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ òbí tó ń bọ̀, ẹ bi olórí ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ni kíláàsì ọmọ yín ṣe ní P.E. lọ́sẹ̀ tó kọjá, àti pé ta ló kọ́ wọn. Bí ó bá mú fọ́tò íńtà-háósì jáde, ẹ tún un bi.