Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì ló ń ba Yorùbá inú fáìlì yín jẹ́

Ọkùnrin ará Kabba kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ̀wé ní Nyanya ní Ọjọ́rú kan, fílááṣì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ìyá rẹ̀ ló kú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbé òkú kúrò ní Àbújá lọ sílé, ìwé ètò ìsìnkú kò sì tíì délẹ̀. Kó tó jókòó ló ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí, fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán." Mo ṣí i wò. Níbi tó yẹ kí n ti rí "ẹnu", "áº¹nu" ni mo rí. Gbogbo "ṣe" ti di "á¹£e". Ó ní ẹnì kan ti gba ₦5,000 lọ́wọ́ òun láti fọ láptọ́ọ̀pù òun mọ́, pé onítọ̀hún ní àfi kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ kí àìsàn náà tó lè lọ.

Mo ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan láptọ́ọ̀pù náà mọ́. Kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, torí mi ò lè ka iye ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ ní Àbújá níbí. Akọ̀wé ìjọ ní Kubwa, akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní Lugbe, olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò Yorùbá, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: fáírọ́ọ̀sì ni, tàbí kí wọ́n ní kọ̀ǹpútà kò gbọ́ Yorùbá. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Gbogbo àwa tí a ti ń lo fílááṣì tipẹ́ la mọ fáírọ́ọ̀sì tó máa ń fi fódà pamọ́, tí á wá kó ṣọ́ọ̀tìkọ́ọ̀tù síbẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan, nọ́ńbà ló ń fi pamọ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kà á, áàpù tó ṣí fáìlì náà á wo inú tábìlì kan tí wọ́n kọ lẹ́tà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tábìlì náà ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni ASCII, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963. Àyè 128 péré ló ní, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ṣe é fún. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé 256. Èyí tí Windows ń lò nínú àwọn tábìlì onígba-àti-mẹ́rìndínlọ́gọ́ta wọ̀nyí ní à, á, è àti é nínú, torí àwọn Faransé àti àwọn ará Pọtogí ń lò wọ́n. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Ìdí nìyẹn tí "Adé" fi máa ń bọ́ lọ́wọ́ ewu níbi tí "ọmọ" ti máa ń ṣòfò.

Unicode ni tábìlì tí wọ́n ṣe fún gbogbo èdè ayé. Láti ọdún 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti wà níbẹ̀. Àwa àti àwọn ará Vietnam la jọ ń lo ẹ àti ọ. Torí náà, ẹni tó bá ní wọn ò ka Yorùbá kún nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti pẹ́ jù. UTF-8, tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà méjì, Ken Thompson àti Rob Pike, gbé kalẹ̀ ní 1992, ni ọ̀nà tí a ń gbà kọ àwọn nọ́ńbà Unicode yìí sínú fáìlì. Nínú UTF-8, nọ́ńbà mẹ́ta ló máa ń dúró fún "ẹ": 225, 186 àti 185. Áàpù tó bá mọ̀ pé UTF-8 ni á kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, á sì fi ẹ hàn yín. Áàpù tó bá rò pé tábìlì àtijọ́ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni yóò máa kà wọ́n: nínú tábìlì yẹn, 225 ni á, 186 ni º, 185 ni ¹. Ó di "áº¹". Ti ṣ ni 225, 185 àti 163, àmì owó àwọn ará ìlú ọba ló sì wà ní 163. Ibẹ̀ ni £ tí ẹ máa ń rí láàárín ọ̀rọ̀ ti ń wá.

Ẹ wò ó, nínú gbogbo èyí, kò sí nọ́ńbà kan tó kúrò níbi tó wà. Ó dà bí ìgbà tí Lárúbáwá kan bá he ìwé tí àwọn àáfà Ìlọrin fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá sí. Á ka lẹ́tà rẹ̀, kò ní gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ìwé náà wà bó ṣe wà. Ẹ fún ará Ìlọrin, á kà á fún yín.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan. Ẹni tó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, Hausa ló ń tẹ̀ ní tirẹ̀. Bí wọ́n bá gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá fún un, ƙ á di "Æ™", ɗ á di "É—". Òun náà rò pé fáírọ́ọ̀sì ni títí a fi jọ wò ó.

Ní ti ọkùnrin ará Kabba yìí, orí fóònù ni àbúrò rẹ̀ ti kọ ètò ìsìnkú, ó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .txt. Nígbà tí òun fẹ́ fi Word ṣí i, Word gbé fèrèsé kan síwájú rẹ̀ tó ń bi í pé tábìlì wo ni kí òun fi kà á. Windows (Default) ló wà níbẹ̀. Ó tẹ OK láìkà á, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń ṣe. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ: mo ti fáìlì náà láìtọ́jú rẹ̀, mo tún un ṣí, mo yan Other encoding, mo wá Unicode (UTF-8) níbẹ̀. "Ẹnu" padà di ẹnu lójú rẹ̀. Ó dìde dúró.

Bó bá jẹ́ Notepad++ lẹ ń lò, ẹ lọ sí Encoding lókè, kí ẹ yan UTF-8. Ẹ má yan Convert to UTF-8. Àwọn méjèèjì jọra lójú, iṣẹ́ wọn kò papọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ fún un pé "fi ojú UTF-8 kà á". Ti kejì ń sọ pé "ohun tó o ń rí yìí ni kó o yí padà sí UTF-8", bí ẹ bá sì tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, "áº¹" ti di ọmọ ilé nìyẹn. Nínú VS Code, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ orúkọ tábìlì sí nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kí ẹ yan Reopen with Encoding. Àwọn tó ń fi Excel ṣí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni mo máa ń káàánú jù, torí Excel kì í béèrè ohunkóhun lórí fáìlì .csv (ìyẹn àkójọ tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ lásán), ó kàn máa ń ṣí i ṣákálá ni. Ẹ gba inú Data, kí ẹ yan From Text/CSV, kí ẹ wá yan 65001: Unicode (UTF-8) níbi tí wọ́n kọ File Origin sí.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ ní tòótọ́ ni kí ẹ tẹ Save nígbà tí kò yẹ. Fílááṣì ọkùnrin náà ní fáìlì kejì. Oríkì ìyá wọn ló wà níbẹ̀. Ìdílé ní kí ẹ̀gbọ́n olóògbé tó wà ní Kabba kà á lórí fóònù, ọmọ kan nínú wọn sì tẹ̀ ẹ́ sínú Notepad lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣáájú ọdún 2019, bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú fáìlì tuntun nínú Notepad, ANSI ni yóò yàn fúnra rẹ̀, ìyẹn tábìlì oní-256 yẹn. Notepad kìlọ̀ fún ọmọ náà pé àwọn lẹ́tà kan máa sọnù, ó tẹ OK. Lẹ́tà tí kò sí nínú tábìlì, "?" ni Windows fi rọ́pò rẹ̀. "?" tòótọ́ ni, nọ́ńbà 63, kò sí ohun kan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. "Ọmọ" á di "?m?". "Ọṣẹ" á di "???". Ta ló fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ ni "?k?" tàbí nǹkan mìíràn? Kò sí áàpù tó lè dá a padà, ì báà ṣe ti ọlọ́gbọ́n wo.

Torí náà, bí "áº¹" bá ń yọ sí yín, ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ ṣáà má tẹ Save. Bó bá jẹ́ àpótí kékeré bí □ lẹ rí, ó kéré sí ìyẹn lọ: lẹ́tà wà níbẹ̀, fọ́ńtì tí ẹ yàn ni kò ní àwòrán rẹ̀. Ẹ yí fọ́ńtì padà. Noto Sans àti Charis SIL máa ń gbé tiwa dáadáa. Bí àmì ohùn bá sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò kó jókòó lórí rẹ̀, fọ́ńtì náà ni. Unicode kò ní ẹyọ kan fún "ẹ́". Lẹ́tà "ẹ" ni, àmì òkè sì gùn ún lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, bí ẹ bá ń pa á rẹ́, àmì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, lẹ́tà "ẹ" á ṣẹ́kù. Kíbọ́ọ̀dù yín kò bàjẹ́.

Èyí tó tún ń dààmú àwọn tó ń tẹ ìwé gígùn ni pé wọ́n á wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tí wọ́n ń wò lójú kòrókòró, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí i. Àwọn kan ń fi àmì róbótó sí abẹ́ lẹ́tà, àwọn kan ń fi ìlà kékeré tó dúró gbọnrangandan. Ọ̀kan náà ni lójú wa, ó yàtọ̀ pátápátá lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ dúró tì í láti ojú ìwé àkọ́kọ́. Àwọn tó sì ń fa ìlà sábẹ́ lẹ́tà pẹ̀lú bọ́tìnnì U inú Word, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́. Bí ẹ bá ti da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú WhatsApp, ìlà yẹn ti lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ìtọ́jú tí àwọn atẹ̀wé kan ń fún àwọn ènìyàn: "Ẹ jẹ́ ká yọ gbogbo àmì kúrò, ó ṣáà máa yé wọn." Mo ti rí ìwé ìsìnkú tí wọ́n fẹ́ kọ "Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹbí" sí, tí wọ́n kọ "Oro idupe lati odo ebi". Ẹni tó bá kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́, odò àti ebi ló ń kà, níwájú òkú. Ibi tí mo ti lè gbà kí a yọ ọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ SMS, torí owó wà níbẹ̀: ẹyọ kan máa ń gba 160 lẹ́tà, ṣùgbọ́n bí lẹ́tà "ẹ" kan péré bá wọ inú rẹ̀, ó di 70.

Bí nǹkan bá dojú rú tí ẹ sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín wò ó, ẹ má fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà nìkan ránṣẹ́. Èmi kò lè rí nọ́ńbà nínú fọ́tò. Fáìlì gan-an ni kí ẹ fi ránṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì, èyí tí ẹ kò tíì tẹ Save lé lórí. Ẹ sọ áàpù tí ẹ fi ṣí i, ẹ sọ ibi tó ti wá, ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti tẹ̀, kódà èyí tó ń tì yín lójú. Bó bá sì ti dára, ẹ padà wá sọ ohun tó mú un dára fún wa. Ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú fáìlì tirẹ̀. Kí àwa tí wọ́n ń bi léèrè náà sì dẹ́kun àti máa sọ fún ènìyàn pé kó lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun.

Oríkì yẹn kò ṣe é tún ṣe. A pe Kabba. Bàbá náà ti sùn, wọ́n jí i. Wọ́n fi fóònù sí sípíkà lórí tábìlì mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ó ń dúró ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan kí n lè tẹ̀ ẹ́, bí mo bá ṣi ohùn gbọ́, á tún un pè fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn rẹ̀ há. Aago mẹ́wàá alẹ́ kù díẹ̀ nígbà tí a parí. Kí n tó tọ́jú rẹ̀, mo fi ìka han ọkùnrin náà ibi tí wọ́n kọ UTF-8 sí. Ó kà á síta, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ Save.