Òjò dídì tí kò lè fa omi mọ́

Bí rédíò bá ti sọ pé yìnyín Greenland ń yọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé kíá lomi ọ̀hún ń ṣàn wọ òkun. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Níbi tó pọ̀ lórí òkè rẹ̀, omi náà kì í dé òkun rárá, ìsàlẹ̀ ló ń jò lọ. Ibi tó ń jò lọ yìí gan-an ni àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ yìnyín ń ṣọ́.

Òjò dídì ọdún kan kì í yọ́ tán lókè yẹn kí tọdún kejì tó bọ́ lé e. Tòkè á máa tẹ tìsàlẹ̀, á máa ki sí i. Kó tó di yìnyín gidi, ó máa ń wà ní ipò kan láàárín tí a ń pè ní firn. Ó lè jìn tó mítà 60 sí 100, ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn ló sì kún inú rẹ̀.

Àwọn ihò yìí ló ń gba omi ìgbà ooru. Omi á jò wọlé, á tún dì. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń dì, ooru ló ń tú jáde (àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í kọ́kọ́ gbà mí gbọ́), nítorí náà firn á móoru, àyè inú rẹ̀ á sì dín. Bí ìgbà ooru tó le bá ń tẹ̀ léra, ohun tó dì sínú rẹ̀ á so pọ̀ di pẹpẹ yìnyín, tó lè nípọn ju mítà kan lọ. Ó wá dà bí ìgbà tí èèyàn da kọnkéré sí àgbàlá tí iyanrìn ti ń fa òjò mu. Àyè ṣì wà nísàlẹ̀. Omi ni kò ríbi gbà débẹ̀ mọ́. Ó di dandan kó ṣàn lọ sókun.

Ẹ má sì rò pé ọdún tútù kan á tún un ṣe. Ìgbà ooru kan péré lè ba firn jẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni òjò dídì fi ń kó jọ kí òmíràn tó wà. Ní oṣù keje ọdún 2012, sátẹ́láìtì rí i pé ojú yìnyín Greenland yọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kárí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2021, òjò gidi, òjò olómi, rọ̀ ní Summit, ibùdó ìwádìí lórí yìnyín Greenland, níbi tó ga ju mítà 3,200 lọ. Wọn ò tíì kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ rí.

Ní Antarctica, ihò inú firn ti kún lójú Larsen B, yìnyín ńlá kan tó nà láti orí ilẹ̀ bọ́ sórí òkun. Omi dúró lójú rẹ̀ bí adágún, ó wọ inú ibi tó ti sán, ó sì là á. Lọ́dún 2002, nǹkan bíi 3,250 kìlómítà onígun mẹ́rin fọ́ láàárín oṣù kan. Orí omi ló ti léfòó tẹ́lẹ̀, nítorí náà fífọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbé òkun ga. Yìnyín orí ilẹ̀ tó ti ń dí lọ́nà tẹ́lẹ̀ ló wá ń sáré bọ́ sómi.

Wọ́n máa ń bi mí pé, ṣé ooru kò ní mú òjò dídì pọ̀ sí i ni? Ó ń mú un pọ̀ láwọn ibì kan, pàápàá ìlà oòrùn Antarctica. Ní Greenland, èyí tó ń lọ ju èyí tó ń bọ́ lọ.

Kí ló wá kàn wá ní Èkó àti Kútọnu? Yìnyín Greenland wúwo débi pé ó ń fa omi òkun mọ́ra. Bó ṣe ń fúyẹ́, omi tó fà mọ́ra ń tú ká: òkun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tọ̀nà jíjìn bíi tiwa ló ń ga. Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò ibi tí omi máa dé ní etíkun wa gbọ́dọ̀ mọ yìnyín ibo ló ń yọ́, kì í ṣe iye tó yọ́ nìkan.