Ta lẹ dìbò fún gan-an lọ́jọ́ ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà?

Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Houston níbí ni pé mo máa ń múra àwọn tó fẹ́ di sítísìn sílẹ̀ de àwọn ìbéèrè ìtàn àti ìjọba tí òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n máa bi wọ́n. Lẹ́yìn ìbò 2024, màmá kan tí mo ti kọ́ rí, tí wọ́n ti búra tán, pè mí lórí fóònù, inú ń bí wọn. "Tíṣà, mo tò sórí láìnì títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, mo dìbò fún Kamala, wọ́n wá ní Trump ló kó gbogbo Texas. Ìbò tèmi wá dà?"

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹgbẹ́ Democrat ti kọ orúkọ èèyàn 40 sílẹ̀ ní Texas, àwọn lẹ dìbò fún. Ká ní wọ́n wọlé ni, àwọn ni ì bá lọ dìbò fún Kamala." Wọ́n dákẹ́ lọ. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ orúkọ àwọn èèyàn yìí kì í sí lórí bébà ìbò rárá, orúkọ ẹni tó ń du ipò ààrẹ nìkan lẹ máa rí.

Ẹlẹ́kítọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Iye tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ò ju iye aṣojú tó ní ní ilé aṣojú ní Kọ́ńgréèsì, ìyẹn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà, ẹ wá fi sẹ́nétọ̀ méjì kún un. Texas ní 38 pẹ̀lú 2, ó di 40. California ní 54, Wyoming tí èèyàn ibẹ̀ ò tó mílíọ̀nù kan ní 3. Washington D.C. kì í ṣe ìpínlẹ̀, àmọ́ àtúnṣe òfin ọdún 1961 fún àwọn náà ní 3. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 538, ẹni tó bá kó 270 ló wọlé.

Ibi tó ń dun màmá yẹn nìyí: yàtọ̀ sí Maine àti Nebraska tó máa ń pín tiwọn, ẹni tó bá fi ìbò kan ṣoṣo lé ẹnì kejì ló ń kó gbogbo ẹlẹ́kítọ̀ ìpínlẹ̀ náà. Ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ni Kamala Harris rí ní Texas, kò rí ẹyọ kan mú nínú 40, Trump náà rí bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ní California, òun náà ò rí ẹyọ kan mú nínú 54. Nílé, ìbò tí wọ́n dì ní Ṣakí àti èyí tí wọ́n dì ní Kánò, inú òǹkà kan náà ni wọ́n ń dà á sí, ká tó wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdámẹ́rin nínú ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀. Ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀, ìbò 51 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ìpínlẹ̀ 50 àti ti D.C., ni wọ́n ń dì lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí Al Gore fi ní ìbò tó fi lé ní 500,000 ju ti Bush lọ jákèjádò orílẹ̀-èdè lọ́dún 2000, tó sì pàdánù nítorí ìbò 537 ní Florida. Ti Hillary Clinton ní 2016, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta tó fi lé Trump.

Ẹnì kan ní kíláàsì sọ fún mi pé àfọbajẹ nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ní Philadelphia lọ́dún 1787, níbi tí wọ́n ti kọ ìwé òfin Amẹ́ríkà, èrò àwọn kan ò jìnnà sí ìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú wà ńbẹ̀, mi ò sì ní yára kọjá lórí ẹ̀. James Madison, ọ̀kan lára àwọn tó kọ òfin náà, fẹnu ara ẹ̀ sọ pé tó bá jẹ́ ará ìlú ló ń dìbò tààrà, ìhà gúúsù máa pàdánù nítorí àwọn ẹrú wọn ò ní lè dìbò. Òfin sì ti ní kí wọ́n ka ẹrú márùn-ún sí èèyàn mẹ́ta tí wọ́n bá ń pín aṣojú, torí náà èèyàn dúdú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ wa, tí kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ àpótí ìbò, òun ni wọ́n fi ń bu kún agbára ẹni tó dè é mọ́lẹ̀. Nínú ọdún 36 àkọ́kọ́, ọdún 32 ló jẹ́ pé ará Virginia, ìpínlẹ̀ gúúsù tí ẹrú pọ̀ sí, ló jẹ ààrẹ. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá dé ibẹ̀.

Lóde òní wọn ò dà bí àfọbajẹ mọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tó dúró ṣinṣin ni ẹgbẹ́ ń yàn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ ní 2020 pé ìpínlẹ̀ lè fìyà jẹ ẹni tó bá yẹhùn. Síbẹ̀ èèyàn náà ni wọ́n: ní 2004, ẹlẹ́kítọ̀ kan ní Minnesota tó yẹ kó kọ John Kerry tó ń du ipò ààrẹ, "John Ewards" ló kọ, ìyẹn orúkọ John Edwards tó ń bá Kerry du ipò igbákejì, tó ṣì kọ; Kerry ò rí ìbò yẹn gbà.

Ní December, kálukú wọn máa pé jọ ní ìpínlẹ̀ tiẹ̀, wọ́n á buwọ́ lu ìwé mẹ́fà. Ní January 6, wọ́n á gbé ìwé yẹn wọ Kọ́ńgréèsì nínú àpótí igi màhógánì, igbákejì ààrẹ á ṣí i. Lọ́jọ́ tí àwọn jàǹdùkú ya wọ ibẹ̀ ní 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ló sáré gbé àpótí yẹn jáde.

Màmá yẹn bi mí bóyá àwọn lè rí orúkọ èèyàn 40 tí wọ́n dìbò fún. Mo ní kí wọ́n lọ sórí wẹ́bsáìtì National Archives, ibi tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó ìwé pamọ́ sí, kí wọ́n wá ìwé tí gómìnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ránṣẹ́, orúkọ àwọn ẹlẹ́kítọ̀ àti iye ìbò tí wọ́n kà wà nínú ẹ̀. Wọ́n ní kí n má tíì pa fóònù, kí n dúró kí wọ́n wá gíláàsì wọn.