Maire kọ́ la dìbò fún, owó ìlú ò sì sí lọ́wọ́ ẹ̀

Ẹ lọ jókòó díẹ̀ sídìí ẹni tó ń ta èsáǹsì (epo mọ́tò) inú ìgò ní Kétu ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ dúró de zẹ́míjàn, ọ̀kadà wa, níwájú ọjà, ọ̀rọ̀ ìlú ò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gọ́tà dí, maire tó jẹ́ olórí kọ́mínù, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni wọ́n á dá lẹ́bi. Páànù iléèwé ṣí lọ, maire ni. Iná ò wá láti àná, maire náà ni. Ẹnìkan á wá gbóhùn sókè pé "àwa la fọwọ́ ara wa dìbò yàn án, kó jáde wá sọ ohun tó ń fowó wa ṣe!" Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ á ní òótọ́ ni.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá ń gbọ́ àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú báyìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Àmọ́ nǹkan méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn, àkọ́kọ́ pé àwa la yan maire, ìkejì pé òun ló ń ná owó, kò sì sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú òfin Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ó ń dùn mí gan-an, torí ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu àwọn èèyàn, ìbínú tó tọ́, gbogbo ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní biro tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí owó, ẹni tó ní biro yẹn gan-an sì jókòó jẹ́jẹ́ sí ọ́fíìsì ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti wá. Àwọn àgbà wa rántí ìgbà tó jẹ́ pé sous-préfet ni ìjọba ń rán wá, ẹni tí a ò mọ̀ rí, a ò sì yàn án. Òfin ọjọ́ 15 January 1999 ló yí i padà, wọ́n wá dìbò kọ́mínù àkọ́kọ́ ní ìparí 2002 wọ 2003, kọ́mínù 77 tó wà ní Bẹ̀nẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ní maire tiwọn. Nígbà yẹn, maire ló ń ṣe alága ìgbìmọ̀, òun náà ló tún ń pàṣẹ owó, nítorí náà ẹni tó bá ní owó ìlú wà lọ́wọ́ maire nígbà náà ò parọ́. Òfin ti yí padà, ẹnu wa ni ò tíì yí. Àti pé tí ìbò bá ń bọ̀, ojú èèyàn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ògiri, wọ́n á tẹ ojú ẹ̀ sára fìlà, sára aṣọ, báwo lèèyàn ò ṣe ní rò pé ẹni yẹn lòun ń dìbò fún.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìbò ná. Ìwé ìbò tí wọ́n fún wa ní 17 May 2020, kò sí orúkọ maire kankan lára ẹ̀, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ṣe là á sílẹ̀ fún ti 11 January 2026 tí wọ́n fi ọjọ́ ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àwọn aṣòfin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń to lísìtì àwọn tó fẹ́ ṣe conseiller, ìyẹn ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́mínù, arrondissement kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹkùn tí wọ́n pín kọ́mínù sí, sì ní tiẹ̀. Mẹ́fà ni tiwa ní kọ́mínù Kétu: Kétu fúnra ẹ̀, Idigny, Adakplamè, Kpankou, Odometa àti Okpometa. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń gbé Idigny, àwọn tó wà lórí lísìtì Idigny ló ń dìbò fún, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó máa padà di maire, lísìtì Adakplamè ló wà, tí ará Idigny ò tẹ̀ka fún un rárá láyé ẹ̀.

Nígbà tí ìbò bá parí, ẹgbẹ́ tí kò bá rí 10% nínú ìbò gbogbo orílẹ̀-èdè ò ní rí àga kan ṣoṣo ní kọ́mínù kankan, bó ti wù kó lágbára tó nílé ẹ̀. Ẹ bi àwọn ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wò. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ẹgbẹ́ òṣèlú PRD ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ ní 2020 ẹgbẹ́ náà ò dé 10% yẹn káàkiri Bẹ̀nẹ̀, ni kò bá ní conseiller kankan, Àjàṣẹ́ gan-an pẹ̀lú ẹ̀. Ẹgbẹ́ mẹ́ta péré ló rí àga lọ́dún yẹn, UP, BR àti FCBE. Kò pẹ́ sígbà yẹn, òfin mìíràn jáde ní 2 June 2020 tó ní ẹgbẹ́ tí conseiller ẹ̀ bá ju ìdajì lọ ló máa mú maire. Tẹ́lẹ̀, àwọn conseiller ló máa ń jókòó yan maire láàrin ara wọn, ìyẹn náà ò sì túmọ̀ sí pé àwa la yàn án, àmọ́ báyìí ẹgbẹ́ ló ń mú un kedere.

Èmi ò fẹ́ràn ìlànà yìí o. Mo gbà pé ìlú tó bá ti mọ ẹni tó fẹ́, ó yẹ kó lè sọ orúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn, ohun tó sì yẹ kó yé wa níbẹ̀ ni pé tó bá jẹ́ irú ẹni tó máa ṣe maire ló jẹ wá lógún, kí ẹgbẹ́ tó gbé lísìtì lọ sí CENA, àjọ tó ń ṣètò ìbò, la ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nílé ẹgbẹ́, lójú àwọn tó ń to orúkọ. Lọ́jọ́ ìbò, ó ti pẹ́ jù fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ wa kì í dé ibi ìpàdé ẹgbẹ́ àfi tí wọ́n bá ń pín aṣọ.

Ti owó ló wá ṣe pàtàkì jù, ẹ fara balẹ̀ síbí yìí.

Ní 20 December 2021, òfin tuntun jáde lórí bí wọ́n á ṣe máa ṣàkóso àwọn kọ́mínù, nọ́ńbà ẹ̀ ni 2021-14. Òfin yìí ló gba biro owó kúrò lọ́wọ́ maire tó sì gbé e fún ẹni tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif, SE la máa ń pè é. SE ló ń darí àwọn òṣìṣẹ́ mairie (ọ́fíìsì kọ́mínù), òun ló ń ṣètò iṣẹ́ ojoojúmọ́, òun ló ń pàṣẹ pé kí wọ́n san owó fún agbaṣẹ́ṣe tàbí kí wọ́n má tíì san. Kì í ṣe ẹni tí a dìbò fún. Ní 2022 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fi wọ́n sípò, kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mú wọn nínú ìwé orúkọ kan tó wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè, nítorí náà SE tó wà nílùú yín lè má jẹ́ ọmọ ibẹ̀ rárá, ó lè má gbọ́ Yorùbá, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀, àmọ́ ẹ ò lè retí pé kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí èsáǹsì.

Owó fúnra ẹ̀ ò tún sí lọ́wọ́ SE náà. Ọ̀dọ̀ receveur ló wà, ẹni yẹn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ Trésor, iléeṣẹ́ àpò owó ìjọba. SE á pàṣẹ, receveur á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó bá òfin mu, kó tó san. Préfet, aṣojú ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Pobè, tún wà lókè gbogbo wọn tó ń wo bí kọ́mínù ṣe ń tẹ̀lé òfin, torí Kétu wà nínú département (ẹ̀ka ilẹ̀) Plateau pẹ̀lú Pobè, Sákétẹ́, Ìfànhìn àti Adja-Ouèrè.

Bàbá kan lè ní, "ṣé ẹ fẹ́ gba maire sílẹ̀ ni?" Rárá o bàbá, mi ò gbà á sílẹ̀. Maire ṣì ni alága ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, òun ló ń sọ pé lọ́dún yìí kílásì mẹ́ta la máa kọ́, ìsọ̀ ọjà la máa tún ṣe. Òfin 2021 tún dá ìgbìmọ̀ kékeré kan sílẹ̀, conseil de supervision, maire, àwọn igbákejì ẹ̀ àtàwọn olórí kọmíṣọ̀n ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ṣọ́ SE. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ ká bi maire ni "kí lẹ fọwọ́ sí, ṣé ẹ sì ṣọ́ ẹni tó ń ṣe é?" Ìbéèrè tó yẹ ká bi SE ni "iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí yìí, kí ló dé tí kò tíì bẹ̀rẹ̀?" Ìbéèrè méjèèjì ò jọra, ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀, maire á ní ọwọ́ SE ló wà, SE á ní ìgbìmọ̀ ò tíì fọwọ́ sí i, ẹ ó sì padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni pé a máa ń gbé ohun tí kì í ṣe ti mairie lọ bá mairie. Ká ní ìyá kan ń ta gaàrí lọ́jà, òjò ń wọ ìsọ̀ ẹ̀, gọ́tà ẹ̀yìn ìsọ̀ ti dí, ó tún ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ti mairie ni gbogbo ìyẹn, ọjà, gọ́tà àdúgbò, ààtàn, gáréèjì, kó máa bi wọ́n. Tí iná ò bá wá, iléeṣẹ́ iná SBEE ni. Omi ẹ̀rọ inú ìlú, iléeṣẹ́ omi SONEB ni, ti abúlé sì wà lọ́wọ́ ANAEPMR, iléeṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2017. Ọ̀nà ńlá tó lọ sí Pobè, ti ìjọba àpapọ̀ ni, kò sí maire tó lè da ọ̀dà sí i bó ti wù kó nífẹ̀ẹ́ wa tó. Ti iléèwé ló máa ń da àwọn òbí láàmú jù: ilé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, páànù ẹ̀, bẹ́ǹṣì ẹ̀, kọ́mínù ni òfin 1999 gbé e fún, àmọ́ tíṣà tí kò sí ní kílásì, ìjọba ló ń gbà á sí iṣẹ́, ìjọba ló ń san owó ẹ̀. Òbí tó bá lọ jà ní mairie nítorí tíṣà ò jẹ̀bi, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un ni.

Àwọn kan tún ní Alákétu ló yẹ kó pàṣẹ fún mairie. Ọ̀rọ̀ Kábíyèsí wúwo, kò sí maire tó máa gbọ́ ọ tí kò ní dìde dúró, ṣùgbọ́n ọba kì í fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì kọ́mínù.

Àwọn mìíràn ní ẹni tí kò dìbò ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Èyí tiẹ̀ máa ń bí mi nínú, torí àwọn obìnrin àtàwọn àlejò ni wọ́n sábà máa ń fi pa lẹ́nu mọ́. Òfin sọ pé ìjókòó ìgbìmọ̀ kọ́mínù ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, ẹ lè wọlé, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbọ́ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń sùn. Òfin 1999 ti sọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé kọ́mínù lè béèrè láti rí àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀, bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìṣirò owó, òfin ìròyìn ti 2015 náà sì fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n kọ, wọn ò kọ ọmọ bíbí ibẹ̀, wọn ò kọ ẹni tó dìbò fún ẹgbẹ́ tó wọlé. Ọmọ Fọ̀n tó ń tún mọ́tò ṣe, Fúlàní tó ń ta wàràǹkàṣì, ọmọ Nàìjíríà tó ya ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè béèrè.

Kò sì sídìí tí ẹ ó fi máa bẹ̀rù tẹ́ ẹ bá béèrè bó ṣe yẹ. Ohun tó léwu ni ká máa pe èèyàn lólè lórí WhatsApp láìní ẹ̀rí, òfin numérique ti 2018, ìyẹn òfin orí ayélujára, wà, wọ́n sì ti fi mú èèyàn. Àmọ́ "kílásì tí ẹ ní ẹ máa kọ́ lábúlé wa lọ́dún yìí, ibo ló dé dúró?" kì í ṣe èébú.

Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún olórí àdúgbò àti chef d'arrondissement, torí ara àwọn conseiller tí a yàn ní arrondissement wa ni wọ́n ti ń mú u, ẹni yìí la lè sọ pé ìbò wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn tààrà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ojú ìwé kan ti tó, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́, ibi tó wà àti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ará àdúgbò bíi mélòó kan fọwọ́ sí i pẹ̀lú yín, ẹ kọ ọ́ sí SE, kẹ́ ẹ sì fún maire ní kọ́pì. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé secrétariat, ẹ má kúrò níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá tẹ òǹtẹ̀ àti déètì lé kọ́pì tó máa wà lọ́wọ́ yín, décharge ni wọ́n ń pè é, torí lẹ́tà tí kò ní décharge, wọ́n lè ní àwọn ò rí i rí. Kí ọdún tó parí ni wọ́n ti máa ń jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, lẹ́tà tó bá wá dé lóṣù December á bá a pé wọ́n ti pín owó tán, ẹ jẹ́ kí tiyín ti wà lórí tábìlì wọn láti August.