Ẹṣin Tó Dúró Sínú Yìnyín: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Ká Tó Ní Wọn Ò Tọ́jú Ẹ̀

Nílẹ̀ olótùútù, bí yìnyín bá ń bọ́, tí ẹṣin kan dúró gbagidi sórí pápá, tí yìnyín sì bo gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, àánú rẹ̀ á ṣe ẹni tó ń kọjá. Ọ̀pọ̀ á ní ìyà ló ń jẹ ẹ́. Àmọ́ yìnyín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn gan-an, àmì dáadáa ni. Ká ní ooru ara ẹṣin náà ń jáde ni, yìnyín á ti yọ́, omi á sì máa kán sílẹ̀. Bí kò ṣe yọ́ yẹn, irun ló ń di ooru mú sínú.

Kí òtútù tó dé rárá, bí ọ̀sán bá ti ń kúrú ni irun ẹṣin ti ń kì, tó sì ń gùn. Tí òtútù bá mú un, irun náà á nàró, afẹ́fẹ́ á há sáàárín rẹ̀, ohun tó sì ń mú ara rẹ̀ móoru nìyẹn. Ẹṣin tó sanra níwọ̀n, tí ara rẹ̀ gbẹ, lè fara da òtútù dé nǹkan bíi dígírì 8 nísàlẹ̀ òdo (Celsius) kí ara rẹ̀ tó nílò agbára kún agbára. Ṣùgbọ́n tí òjò bá pa á wọ awọ, irun á lẹ̀ mọ́ ara, afẹ́fẹ́ yẹn á lọ, ìwọ̀n dígírì 10 lókè òdo á sì tó láti mú un gbọ̀n, àgàgà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Ọjọ́ òjò pẹ̀lú ìjì ló yẹ kó máa kọ wá lóminú, kì í ṣe ọjọ́ tí ilẹ̀ funfun láú tí oòrùn sì yọ.

Irun tó ń ṣe é láǹfààní yìí náà ló ń tan ojú jẹ. Ẹṣin lè gbẹ dé egungun lábẹ́ rẹ̀, kó sì dà bíi pé ó yó lójú ẹni tó dúró lẹ́yìn ọgbà. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ́ ìka yín sí ìhà rẹ̀, lẹ́yìn ìgúnpá, kí ẹ fi wọ́n gba orí eegun ìhà kọjá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ìka wọnú irun. Kí ẹ wá fi ọwọ́ tiyín wé e. Ẹ di ọwọ́ kan ní ìkúùkù, kí ẹ fi ìka ọwọ́ kejì gba orí oríkèé rẹ̀: tí ìhà ẹṣin bá rí báyìí, ó ti rù jù. Ẹ tú ọwọ́ yẹn, kí ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀: egungun wà níbẹ̀, ẹran fẹ́lẹ́ bò ó, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tó bá rọ̀ bíi ìdí àtàǹpàkò nínú àtẹ́lẹwọ́, tí ẹ ò rí eegun fọwọ́ kàn, ó ti sanra jù. Kí ẹ lọ sí ọrùn, èjìká, gegele tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn, ọ̀pá ẹ̀yìn àti ìdí ìrù, torí pé ibi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí, tá a bá ka ìhà mọ́ ọn, ni wọ́n ń wò lórí òṣùwọ̀n tí Don Henneke àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 1983. Ení jẹ́ egungun lásán, ẹ̀sán jẹ́ ọ̀rá àsanjù. Ó dáa kí ẹṣin wọ ìgbà òtútù ní 5 tàbí 6. Tó bá ti wálẹ̀ sí 3, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà ẹranko.

Ẹ má jẹ́ kí ikùn tàn yín. Ẹṣin tó ń jẹ koríko tí kò ní láárí, tàbí tí aràn wà nínú rẹ̀, ikùn rẹ̀ lè yọ rọ̀gbọ̀dọ̀ nígbà tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ.

Omi lèèyàn ń tẹ̀ kó tó tẹ iyanrìn; ibi tó ń mumi gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ẹṣin tó wọn 500 kílò tó ń jẹ koríko gbígbẹ lè mu lítà 25 sí 45 lóòjọ́. Koríko tútù fúnra rẹ̀, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àmọ́ koríko gbígbẹ kò ní ju ìdá 15 nínú 100 lọ. Nítorí náà, ìgbà òtútù tí ojú ọjọ́ kì í jẹ́ kó wu ẹṣin láti mumi, tó sì jẹ́ koríko gbígbẹ ló ń jẹ, ló tún yẹ kó mumi ju ìgbà tó ń jẹ koríko tútù lọ. Bí omi bá dì, tí ẹnikẹ́ni ò fọ́ ọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, oúnjẹ á gbẹ sínú ìfun, ìfun á dí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, èyí sì lè pa á. Àwọn kan ń sọ pé yóò jẹ yìnyín. Kó tó rí lítà omi kan nínú yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, yóò jẹ nǹkan bíi lítà mẹ́wàá rẹ̀, ooru ara rẹ̀ ni yóò sì fi yọ́ ọ. Ẹ tún wo ìgbẹ́ rẹ̀: tó bá kéré, tó le bíi òkúta, tó ń dán, omi ò tó o.

Oúnjẹ ni iná inú ẹṣin. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ba á da koríko nínú ìfun ńlá, ooru sì ń jáde níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọkà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòjọ́, ìdá 1.5 sí 2 nínú 100 ìwúwo rẹ̀ ló yẹ kó jẹ, ìyẹn kílò 7.5 sí 10 fún ẹṣin 500 kílò, kó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ tí òtútù bá le. Ẹ ka ìdì koríko tó wà nílẹ̀. Tí ẹṣin bá jẹ́ márùn-ún, ìdì mẹ́fà tàbí méje tó jìnnà síra ló yẹ kó wà, torí ẹṣin tó jẹ́ ọ̀gá máa ń lé èyí tó kéré kúrò nídìí oúnjẹ. Ẹyọ kan ṣoṣo tó rù láàárín àwọn tó sanra, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa wá a. Ó sì lè jẹ́ eyín. Bí ẹ bá rí koríko tó jẹ lájẹkù, tó ká bíi ìṣù, tó tu sílẹ̀, eyín arúgbó ẹṣin yẹn ò lọ oúnjẹ mọ́.

Ní ti ibi ààbò, ilé olódi mẹ́ta tó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn tó, àní igbó igi tó ṣù dáadáa náà tó. Ẹ má yà yín lẹ́nu tí ẹṣin bá dúró síta tó fi ilé sílẹ̀. Ẹrẹ̀ lẹ́nu géètì náà kì í ṣe ẹ̀rí ìwà ìkà, bí ibi gbígbẹ tí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sí bá wà.

Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, aṣọ ẹṣin náà kì í sì í ṣe ẹ̀rí ìtọ́jú. Èyí tí wọ́n bá gé irun rẹ̀, arúgbó àti èyí tó rù nílò rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tú u wò. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn èjìká: kó gbẹ, kó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Tó bá tutù rinrin tàbí tó ń làágùn, ó sàn kó má wọ̀ ọ́. Níbi àyà àti èjìká, ẹ wá ibi tó ti ha irun dànù.

Ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń gé pátákò, òtútù ò sì fún ẹnikẹ́ni láyè láti fo ìgbà kan. Òórùn burúkú pẹ̀lú omi dúdú ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀ jẹ́ ìjẹrà tó wá látinú ẹrẹ̀. Èépá lẹ́yìn ọrùn ẹsẹ̀, tàbí irun ẹ̀yìn tó ń tu ní ìdì kéékèèké pẹ̀lú èépá nídìí rẹ̀, òjò àti ẹrẹ̀ ló fà á.

Gbígbọ̀n díẹ̀ kò burú. Ẹṣin tó ń gbọ̀n láìdáwọ́ dúró, tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, tó kọ oúnjẹ, tó ń wo ìhà rẹ̀ tàbí tó dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ pe olówó rẹ̀ tàbí dókítà ẹranko. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ má ju oúnjẹ sí i láti ẹ̀yìn ọgbà. Ẹṣin tí ebi ti pa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tó wá kó ọkà jẹ lójijì, lè kú láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tó yó, torí àyípadà òjijì tí oúnjẹ yẹn mú bá àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Koríko díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lóòjọ́, lábẹ́ ojú dókítà, ni wọ́n fi ń dá irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ padà.