Bí A Ṣe Ń Yan Táyà Ńlá fún Hilux Tí A Gbé Sókè

Bí wọ́n bá gbé Hilux sókè ní ínṣì méjì, àyè tó ṣí sílẹ̀ lókè táyà a máa dùn ún wò, ṣùgbọ́n àyè ìdúró lásán ni. Sípíríǹgì tó gùn ló ti ara ọkọ̀ sókè. Tí táyà bá já sínú kòtò, tí ṣọ́ọ̀kì sì wọlé tán, ibi tó máa ń gùn dé tẹ́lẹ̀ náà ni yóò tún gùn dé. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti wo bóyá táyà máa gbà.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà ara táyà. Lára ọ̀pọ̀ Hilux, 265/65R17 lẹ ó bá. 265 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà. Gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú náà. 17 ni ínṣì rímù. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi rímù kún un (17 lọ́nà 25.4), gíga táyà á jẹ́ bíi 776. Ti 285/70R17 jẹ́ 831. Mìlímítà 55 ló fi jù ú lọ, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ló máa kún àyè tó wà lábẹ́ díìfù, igbá irin tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Gbígbé ọkọ̀ sókè kò fi nǹkan kan kún ìyẹn, torí táyà ló gbé díìfù dúró, kì í ṣe sípíríǹgì.

Iwájú ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá yí sítíárì tán, èjìká táyà lè kan ike inú fẹ́ńdà, rọ́bà tó ń dí ẹrẹ̀, tàbí irin tó di ara ọkọ̀ mú mọ́ ṣáásíìsì. Rímù sì ń dá kún un: láti ET30 bọ́ sí ET0 (ET ni iye mìlímítà tí ojú tí wọ́n ti ń de rímù mọ́ ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín rímù), tí ìbú wọn bá dọ́gba, táyà á yọ síta ní mìlímítà 30, á sì gba àyè tó fẹ̀ sí i nígbà tó bá ń yí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dá táyà lẹ́bi ohun tí rímù fà.

Ká tó sanwó mẹ́rin, ó dára ká yá ẹyọ kan, ká dè é síwájú, ká fi dán an wò. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú náà gun nǹkan gíga tó dúró dáadáa títí ṣọ́ọ̀kì á fi wọlé, kí ẹ yí sítíárì tán sọ́tùn-ún àti sósì, kí ọkọ̀ sì máa rìn síwá-sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú fẹ́ńdà. Ibi tí táyà bá ti kàn, ike rẹ̀ á máa dán, á dúdú. Bó bá jẹ́ irin, ọ̀dà rẹ̀ á ti bó. Ike ṣeé gé. Irin tó di ara ọkọ̀ mú kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ ni kó fọwọ́ kàn án.

Táyà tó ga ń lọ jìnnà sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí po. Látorí 776 dé 831, ìdá 7 nínú 100 ló fi lé: tí mítà bá ti péye tẹ́lẹ̀, nígbà tó bá ń ka 100, ọkọ̀ ti ń sá 107. Ìdí kan náà ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa làágùn. Gíà díìfù 4.1 (ọ̀pá tó ń gbé agbára wá á yí ní ìgbà 4.1 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan) á máa ṣiṣẹ́ bíi 3.83, ọkọ̀ á lọ́ra láti gbéra, bíréèkì náà á pẹ́ kó tó mú táyà tó wúwo dúró. Fún ẹni tó ń kó ẹrù lójoojúmọ́, 265/70R17, tó jẹ́ bíi 803, sàn ju 285 lọ.

Ẹ wo nọ́ńbà ẹrù náà, èyí tó ń sọ ẹrù tó pọ̀ jù tí táyà lè gbé: 112 túmọ̀ sí kìlógíráàmù 1,120 fún táyà kan. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ti kọ́ńpìnnì.

Táyà ẹ́sítírà gbọ́dọ̀ bá mẹ́rin yòókù dọ́gba. Bó bá kéré, tí wọ́n sì tan 4x4 lójú títì tó gbẹ, iwájú àti ẹ̀yìn á fẹ́ máa yí lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, gíà tó ń pín agbára lè máa gbóná, eyín rẹ̀ sì lè kán. Ẹ wọn abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú, torí 285 lè má gba ibi tí wọ́n ń so ẹ́sítírà sí.